Ọ̀kẹ́rẹ́ Ṣe Onídùúró fún Ìlú Ọ̀yà

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ má retí Ìjàpá lálẹ́ yìí, kì í ṣe òun nìkan ló gbọ́n àgbọ́njù. Àlọ́ mi gba ẹ̀bá odò, ó wọ ìlú àwọn Ọ̀yà, ó yà sí ilé Àwẹ̀ró. Opó ni Àwẹ̀ró. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti darúgbó ló jọ ń gbé, pẹ̀lú Àyọ̀ká, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí.

Ní ìgbà kan rí, ẹní híhun ni iṣẹ́ gbogbo ọmọ Ọ̀yà. Koríko odò ni wọ́n fi ń hun ún. Ẹní wọn dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan: àgbà ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹní. Òun ni yóò hun ìlà méje àkọ́kọ́ kí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ àgbà bá ń gbọ̀n, ẹ dúró. Bí àgbà bá ń sùn, ẹ dúró. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, ẹ jókòó ti koríko, kí ẹ máa wo ojú ara yín. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ilé kan fi ń rí ẹní kan gbé jáde.

Nígbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Èésan, ìyẹn èèpo ẹkùrọ́, ni àwọn Ọ̀yà ń ná. Bí ẹní wọn bá kù sílẹ̀ lọ́jà, iyì èésan á wálẹ̀. Owó ẹyọ kan tí àwọn àjèjì ń ná, tó ń gba èésan mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, á wá máa gba ogún. Àwọn àjèjì á rí i pé ẹní Ọ̀yà ti dọ̀pọ̀, wọ́n á wá rà á. Àwọn Ọ̀yà fúnra wọn kò ní lè ra iyọ̀ àti aṣọ òkèèrè títí ọjà á fi tún gbé wọn. Ara á ni wọ́n, ṣùgbọ́n ilé á dúró.

Nígbà tó yá, Erin tó jẹ́ ọba gbogbo ẹranko ní kí gbogbo ìlú máa ná owó ẹyọ nìkan. Inú àwọn Ọ̀yà dùn. Wọ́n da èésan wọn sínú iná. Àwọn Ehoro, tí àwọn náà ń hun ẹní lókè odò, bẹ̀rẹ̀ sí í yá wọn lówó, nítorí owó kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Àwọn Ọ̀yà ra iyọ̀, wọ́n ra aṣọ. Ṣùgbọ́n ogójì ẹyọ ni Ehoro ń ta ẹní tirẹ̀. Ọ̀yà kò lè ta tirẹ̀ kó dín ní ọgọ́ta kó sì tún jẹun. Ẹní wá jókòó sọ́jà. Èésan tí ìbá bá wọn rẹ owó ẹní sílẹ̀ ti di eérú.

Kí ni Àwẹ̀ró ìbá ṣe? Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, Ehoro kò gba ẹ̀bẹ̀ mọ́, ó bá fi Àyọ̀ká sọfà. Ọmọ ń ṣiṣẹ́ nílé olówó, iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún èlé, gbèsè sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ó dun Àwẹ̀ró dé egungun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wò wọ́n. Ẹ mọ Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ilẹ̀ ló ń gbé nígbà náà, nínú ilé tó dára, àká ẹkùrọ́ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Ó pe àwọn Ọ̀yà jọ.

"Ẹ̀yin ará mi, bí mo bá bá yín bẹ Kábíyèsí kí wọ́n fi gbèsè jì yín, kí lẹ máa fún mi?"

Ìyá ọkọ Àwẹ̀ró, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dá a lóhùn. "Kí lo fẹ́?"

"Kò tó nǹkan, Ìyá. Owókówó tí ẹ bá yá lẹ́yìn ìdáríjì, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ẹ fún mi ní ọ̀kan."

"A ò ní yá owó mọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ẹ ṣáà gbà."

Wọ́n gbà. Ó lọ sunkún níwájú Erin títí omijé fi rin irun àyà rẹ̀. Àánú ṣe Erin. Ó san ìdajì gbèsè náà láti inú àká ọba, ó ní kí àwọn Ehoro gbàgbé ìdajì tó kù. Ní ọjọ́ kẹta, Àyọ̀ká wálé. Àwẹ̀ró dì mọ́ ọn.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ní, "Ìyá mi, wọn kì í dúró de àgbà lọ́hùn-ún o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹní. Ẹní mẹ́ta là ń hun lọ́jọ́ mẹ́rin."

Àwẹ̀ró bojú wẹ̀yìn, ó rí Ìyá Àgbà tó ń fi ọwọ́ gbígbọ̀n to koríko. "Má jẹ́ kí ìyá àgbà rẹ gbọ́," ló wí. Èmi ò kúkú bá a wí. Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń fa ìyà?

Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn fúyẹ́, ọwọ́ kò yá. Kò pẹ́, iyọ̀ tán nílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ bá tún dé. "Ẹ lọ yáwó. Bó bá tún pọ̀, èmi náà á tún sunkún." Àwọn Ọ̀yà gba ọ̀nà òkè odò lọ. Àgbà Ehoro wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ta ni onídùúró yín?"

"Èmi ni," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Ìpín tirẹ̀ ló ń rò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yáwó ló ń gbà á, tí ó ń fi í ra ẹkùrọ́. Àká mẹ́ta di márùn-ún.

Ọjọ́ pé. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún lọ sunkún láàfin. Erin jẹ́ kó sun ún tán.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, gbèsè ni mo lè fi jì wọ́n. Ẹní tó ń gba ọjọ́ mẹ́rin, n kò lè bá wọn hun ún. Kí ni wọ́n yí padà láti ìgbà tí mo ti gbà wọ́n sílẹ̀?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ nu ojú rẹ̀, ó yí padà sílé. Kó tó délé, àwọn Ehoro ti gbá àká márààrún, wọ́n sì tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ń dúró dè é kó wá san ìyókù. Ó fò sórí igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Títí dòní, bó bá sọ̀kalẹ̀ ṣa ẹkùrọ́ kan, ẹ̀yìn ló ń wò.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Bí onídùúró bá sá, gbèsè mọ ilé ẹni tó jẹ ẹ́. Ìránṣẹ́ Ehoro wá mú Àyọ̀ká.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Àwọn Ehoro kì í dúró de àgbà. Ọwọ́ yín ni a ń dúró dè tí ẹní wa fi wọ́n."

"O ti mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ọmọ ti dé."

"O sì dákẹ́."

"Ojú yín ni mo ń wò, Ìyá."

Ìyá Àgbà yíjú sí i. "Ojú mi lo wò. O ò wo ojú ọmọ rẹ." Ó ti koríko sí i lẹ́sẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Nígbà náà, Àyọ̀ká àti ìránṣẹ́ ti dé etí odò.

Ilé Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ilé yòókù tẹ̀lé e. Ọwọ́ wọn yá, ẹní wọn bọ́ sí ogójì, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn. Ó gba ọdún mẹ́ta kí Àwẹ̀ró tó san gbèsè náà tán. Àyọ̀ká tó padà wálé ti di ọmọge. Ó wọlé, ó ń pe Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ti kú láti ọdún tó kọjá.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e lọ sílé. Ìdáríjì gbèsè dára, òun ló mú ọmọ wálé. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń jẹ́ kí ọmọ jókòó sílé. Ẹni tó bá ń ná owó tí gbogbo ayé jọ ń ná, tí kò sì yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.