Irinwó Lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà

Ẹ bá mi gbọ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣokàn, ọ̀gá àgbà yunifásítì tí kò di ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀ka, títí kan ìṣirò, gbọ́dọ̀ máa mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ, àti pé ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì ojú ewé kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ méje. Fadérera, olùkọ́ ìṣirò tó kéré jù lọ níbẹ̀, ní irinwó akẹ́kọ̀ọ́. Kò jiyàn rárá. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi àròkọ wọn ṣe lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, kí wọ́n fi ìṣirò ṣàlàyé bóyá ọjọ́ méje lè tó fún ẹnì kan láti fèsì sí irinwó àròkọ. Àpò ìrẹsì méjì ni akọ̀wé ọ̀gá àgbà fi kó àwọn lẹ́tà náà wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀gá fèsì sí méjìlá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lọ́jọ́ kẹfà, Fadérera kanlẹ̀kùn. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ ní kí n wá bá wọn gba èsì, ọ̀la ló pé." "Fadérera, ta ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sí mi?" "Ìwé àṣẹ yín ò kúkú yọ ẹnì kankan sílẹ̀, sà." Ọ̀gá fa bébà yọ, ó kọ ọ́ pé, "Mo fagi lé àṣẹ náà," ó tì í sí i. Fadérera kà á, ó fa bírò pupa yọ, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó dára, sà, àmọ́ kò pé ojú ewé kan."