Àwọn Tó Ní Ó Yé Àwọn

Ẹnu tó dì kì í jẹ nínú àsè. Orí tó ń mì kò fi dandan gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ló dá fún Oyèkànmí, ọmọ Ọlátòkun aránṣọ, ní ọjọ́ tó ń fi omi ojú ṣògbérè ìyege.

Ẹ̀kọ́ Òfin Ìṣòwò ló di ẹrù sí i lórí. Ó ti kùnà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń lọ sì ti sọ pé bí ó bá tún kùnà, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti rán kóòtù dúdú kan de ọjọ́ tí yóò gboyè. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gbogbo oníbàárà ti ń rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣíyan ló ń kọ́ wọn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹfun ìkọ̀wé kì í kúrò létí apá aṣọ rẹ̀, kì í sì í pariwo. Bí ó bá ti ṣàlàyé ọ̀ràn kan tán, yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò fi etí ìró nù ún, yóò wá béèrè bóyá ó yé wọn. Gbogbo kíláàsì yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó yé wa, mà." Ẹni tó bá ní kò yé òun, ìdúró ni yóò wà, ìbéèrè yóò sì máa tẹ̀lé ìbéèrè, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ohùn Oyèkànmí kì í gbẹ́yìn nínú ègbè náà. Ilẹ̀ ló máa ń wò bí ó bá ń gbè é.

Nígbà tí ìdánwò ku díẹ̀, òun àti Mosúnmọ́lá, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí òun náà ti kùnà rí, mú ọ̀nà ilé Ẹfúnyẹmí pọ̀n. Ìyá arúgbó abọ̀rìṣà ni, ó ń fi owó ẹyọ ṣàyẹ̀wò ní òdìkejì odò. Ó da mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣí ẹnu sókè. Gbogbo ìyókù dojú bolẹ̀. Odù Ọ̀kànràn ni. Ìyá náà gbójú sókè wo àwọn méjèèjì, ó ní:

"Ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹnu pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló dì. Ẹ rúbọ. Ẹyẹlé wà níbẹ̀, obì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹbọ náà gan-an. Ìtìjú ni ẹran ẹbọ yín. Ẹ gbé e lọ síwájú ẹni tó ń kọ́ yín, kí ẹ dìde láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ẹ ní kò yé yín."

Oyèkànmí rọra béèrè bóyá òun lè mú ẹyẹlé kejì wá dípò ìyẹn.

"Ẹyẹlé kì í tijú, ọmọ mi," ni Ìyá dá a lóhùn. "Kí ni yóò ṣe dípò rẹ̀?"

Wọ́n fi ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n fi obì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Oyèkànmí ní òun ti ṣe tòun. Òun kò lè gbé ojú òun fún ayé jẹ. Ó ní, "Ìwọ, bí o bá dìde tán, bá mi kí àwọn tó jókòó."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọ̀ràn pákó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé wá. Ọkùnrin kan já pákó sí àgbàlá ẹlòmíràn, ó ránṣẹ́ pé bí òun kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ ọjà, a jẹ́ pé onílé ti rà á. Onílé dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òfin kò ka onílé sí ẹni tó ti rà á, ó bọ́ awò ojú, ó béèrè. Ègbè gbà á. Nígbà náà ni Mosúnmọ́lá dìde.

"Kò yé mi, mà. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá fẹ́ nǹkan a máa sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n bá ìyàwó gbé àga, ìdúró rẹ̀ máa pẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, Mosúnmọ́lá ń dáhùn, ó ń ṣì í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oyèkànmí rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di etí bẹ́ǹṣì mú títí èékánná fi funfun. Kò yé òun náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Nígbà tí aago lù, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Mosúnmọ́lá máa bá òun bọ̀ ní ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni tí kò bá yé tẹ̀ lé àwọn. Oyèkànmí tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó sì padà.

Ìdánwò dé. Ìbéèrè tó tóbi jù níbẹ̀ dá lórí oníṣòwò kan tí wọ́n já àpò sìmẹ́ńtì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò sọ nǹkan kan. Oyèkànmí kọ ọ́ kún ojú ewé pé ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà.

Ó kùnà. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ ní ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà kò ti yé òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, àmọ́ kò nù ún.

"Ẹni tó dákẹ́ kò tíì gba nǹkan kan. Ká ní o dákẹ́ ni, ǹ bá ti wá ọ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ kò dákẹ́, Oyèkànmí. O ní ó yé ọ."

Oyèkànmí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ orúkọ òun.

Bí ó ṣe gbé ẹrù rẹ̀ kọjá lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì, ó gbọ́ àwọn tuntun tí wọ́n ń wí lẹ́ẹ̀kan náà pé ó yé wọn. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá rẹ̀ sọ kóòtù náà kalẹ̀ lára ògiri, ó mú abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán rẹ̀, torí oníbàárà kan wà tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọmọ òun lọ.

Mosúnmọ́lá gboyè, ó gbé obì lọ dúpẹ́ ní òdìkejì odò. Ẹni tó fi ìtìjú rúbọ gbé ire délé. Ẹni tó fi í pamọ́, òun àti ìtìjú náà ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé dòní.