Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gba Adé Àwọn Ikán

Nígbà láéláé, kí ọ̀gán tó ga tó èèyàn, ọkùnrin ló ń jọba àwọn ikán. Obìnrin ń gbálẹ̀, ọkùnrin ń jókòó, wọ́n sì ń pe ìjókòó náà ní iṣẹ́ ìlú.

Ó wá kan Adéwùsì láti jọba. Ìyẹ́ Adéwùsì gùn, ó ń dán, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìpèbí, iyàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń kọ́ ọba tuntun. Yóò bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Àwọn afọbajẹ kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ojú ihò kékeré ni oúnjẹ ń gbà wọlé.

"Kí n bọ́ ìyẹ́ yìí, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ mi fẹ́ lọ jó lókè?" Adéwùsì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àwẹ̀ró, wọlé lọ bá mi jókòó síbẹ̀."

"Ọkọ mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ni yóò mọ̀?"

Àwẹ̀ró bọ́ ìyẹ́ tirẹ̀, ó wọlé. Wọ́n kọ́ ọ ní èèwọ̀, ó gbọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní ogun, ó gbọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè òmíràn. Kò sẹ́ni tó ní kó wá gbálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Nígbà tí òjò dá, Adéwùsì dé tòun ti ìyẹ́ tó ti fàya. Ó lu ihò sára ọ̀gán, ó sì yọ́ wọlé.

"Ó tó, Àwẹ̀ró, máa bọ̀ níta."

Àwẹ̀ró gbìyànjú, àmọ́ ikùn rẹ̀ há sẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí Adéwùsì ti ń fà á lọ́wọ́ ni ìjàlọ ti ya wọ inú ọ̀gán, nítorí ọ̀gbẹ́ni náà kò dí ihò tó gbà wọlé.

Balógun, olórí àwọn afọbajẹ, figbe ta láti ẹ̀yìn ògiri: "Kábíyèsí, kí ni ká ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká fò lọ!" ni Adéwùsì wí, bíi pé gbogbo ìlú ló níyẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin jagunjagun tórí yín tóbi, ẹ fi orí yín dí ihò!" Àwẹ̀ró pariwo láti inú ìpèbí. "Ẹ̀yin yòókù, ẹ po amọ̀ kíákíá!"

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjàlọ padà sílé tòun ti ebi.

Balógun nu amọ̀ kúrò lójú. "Ohùn obìnrin nìyẹn o."

"Ìyàwó mi ni," Adéwùsì dáhùn. "Èmi ni ọba. Ó kàn ń bá mi di ààyè mú ni."

"Ẹni tó bá jókòó ní ìpèbí títí òjò fi dá ni ọba. Àṣà kò ní ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá akọ ni tàbí abo." Balógun dọ̀bálẹ̀. "Àmọ́ Kábíyèsí, ẹ ò ní lè jáde wá wo oòrùn mọ́."

"Nígbà tí mo ń rí oòrùn, ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ gbé adé wá."

Adéwùsì bú sẹ́kún. "Èmi wá ńkọ́?"

"Ọkọ mi, ẹ wọlé, ẹ rọra jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ ṣáà ṣọ́ra kí n má yí lù yín."

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ikán ti ń jọba nínú iyàrá tí kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀, ikùn rẹ̀ rọ̀gọ̀dọ̀, ọkọ rẹ̀ bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bi ọkọ náà pé ta ni olórí ilé yìí, á ní kí ẹ dúró ná, kí òun lọ béèrè lọ́wọ́ Kábíyèsí.