Dìímú àti Ilẹ̀kùn Omi

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ ṣì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn, ẹ̀rọ ńlá kan wà lórí odò Ìsàlú tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi. Irin lorúkọ rẹ̀. Irin lágbára, àmọ́ kò gbọ́ èdè ènìyàn. Ògbufọ̀ Àgbà ló ń ka ìwé tí wọ́n kọ àṣẹ Irin sí, tó sì ń tú u sí èdè Irin.

Fèrè á kọ́kọ́ dún. Òǹkà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, á wá ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, kí àwọn tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ odò lè sá gòkè. Lẹ́yìn náà ni Irin á ṣílẹ̀kùn.

Ògbufọ̀ Àgbà ò ní sùúrù rárá. Tó bá dé orí Òǹkà, á ní, "Èyí kàn ń kà lásán ni," á sì fò ó. Lọ́jọ́ kan, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá arúgbó kan lọ. Jìnnìjìnnì bá Bọ́lárìnwá tó kọ ìwé náà. Ó dá ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Dìímú, ó ní kó di aṣọ Òǹkà mú pinpin, kí Ògbufọ̀ má baà rí i fò mọ́. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Bọ́lárìnwá wá kó àwọn Dìímú mìíràn síbi gbogbo nínú ìwé, ó sì kú láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún gorí ọdún. Ògbufọ̀ Àgbà fẹ̀yìn tì, Ògbufọ̀ Tuntun gba ipò rẹ̀. Èyí kì í fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo Dìímú pátá ló ń kà fún Irin, Irin wá ń gbóná, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ṣijúwadé, tó ń tọ́jú ìwé nígbà náà, ní, "Gbogbo ẹ̀yin Dìímú, ẹ máa lọ. A ò nílò yín mọ́."

Ẹ̀rù ba gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé. "Ta ló mọ ohun tí wọ́n dì mú?" ni wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀rù ba Ṣijúwadé náà. Ó dijú, ó fa ọ̀kan yọ, ó dúró wò. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó fa èkejì, ó tún dúró. Nígbà tó fi máa dé orí ogún, ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ṣàṣìṣe. Kò dúró wò mọ́, ó kàn ń fà wọ́n tu bí ẹni ń tu koríko.

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Dìímú àkọ́kọ́, èyí tó di aṣọ Òǹkà mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Panu dé!"

Ó fà á yọ. Dìímú ti di aṣọ náà mú pẹ́ débi pé ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí mọ́. Òun àti Òǹkà jọ já bọ́ síwájú Ògbufọ̀ Tuntun. Òǹkà forí gbálẹ̀, ó dákú.

Lójijì, fèrè dún: àkókò àtiṣí ilẹ̀kùn ti tó.

Ṣijúwadé figbe ta. Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, ó ń fọṣọ.

"Ògbufọ̀, dá Irin dúró!"

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tó bá wà níwájú mi ni mo gbọ́dọ̀ tú. Òǹkà ti dákú, ilẹ̀kùn ló kàn."

"Oókan," ni ohùn tín-ín-rín kan wí láti ilẹ̀. "Eéjì. Ẹẹ́ta."

Dìímú ni! Ó ti bá Òǹkà gbé pẹ́ débi pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ògbufọ̀ Tuntun, tí kì í fo nǹkan kan, ń tú u fún Irin. Ohùn Dìímú ń gbọ̀n. Nígbà tó dé àádọ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pin.

"Ọgọ́rùn-ún."

Omi bú jáde. Ìyá Ṣijúwadé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan gòkè ni, omi gba abọ́ ìfọṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ.

"Kí ló dé tí o ò sọ iṣẹ́ rẹ fún mi?" Ṣijúwadé ń sunkún.

"Ọ̀gá, ẹ ò bi mí. Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ti kú."

Nígbà tí Òǹkà jí, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀. Dìímú ní ó ti rẹ òun, Ògbufọ̀ Àgbà tí òun ń ṣọ́ ò sí mọ́. "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, àmọ́ ẹ kọ ìdí tí mo fi wá sílẹ̀." Ṣijúwadé kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Òǹkà, ní ọ̀rọ̀ tí kò kan Irin, ó sì sàmì sí i kí Ògbufọ̀ má ṣe tú u.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà ti ń kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ, ní ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kì í kà. Tí ẹ bá sì rí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ pa ìlà àtijọ́ kan rẹ́, tí ìka rẹ̀ dúró lókè, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fèrè ló ń tẹ́tí sí.