Bàtà Oníbodè
Oníbodè Òkè-Agbọ̀n máa ń jókòó sẹ́yìn odi ìlú. Tí ọbẹ̀ àná kò bá ti dùn lẹ́nu rẹ̀, á fi kún owó ibodè lórí ọjà òkèèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó ní kí Àyọ̀ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru abọ́ tánganran dé, san án tàbí kó padà. Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ bàbá. "Bàtà òkèèrè yìí mà yẹ yín o! Tẹ́ ẹ bá ń wọ̀lú lọ jẹun, ṣé ẹ̀yin náà á san ìlọ́po mẹ́ta?" Oníbodè bú sẹ́rìn-ín, ó fọhùn sókè: "Èmi kẹ̀? Ohun téèyàn ti rà kí òfin tó yí, owó àtijọ́ ni!" "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọjọ́ ọjà tó kọjá lèmi náà ra abọ́ mi." Ó san owó àtijọ́, ó wọ̀lú. Gbogbo oníṣòwò tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti gbọ́. Nínú wọn, kò sí ẹnìkan tó rántí pé òun ra nǹkan lónìí.