Adìẹ Efúnyẹmí àti Ẹsẹ̀ Láníyọnu

Ní gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ọ̀pẹ, kò sí ọ̀pẹ tó ga tí Láníyọnu kò lè gùn. Kí oòrùn tó yọ ni yóò ti wà lókè pẹ̀lú igbà rẹ̀, tí yóò máa fi àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní í ṣa ẹyìn, òun náà ní í se epo. Wọn kò lọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í wọ́n nílé wọn.

Àfi ọjọ́ tí igbà já. Ìdí ni Láníyọnu fi sọlẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e délé, kókósẹ̀ òsì ti wú, ẹsẹ̀ náà kò sì gbé e mọ́. Àwẹ̀ró kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ní kí wọ́n gbé ọkọ òun lọ sọ́dọ̀ Efúnyẹmí.

Ìdílé tí wọ́n ti ń to eegun láti ìrandíran ni wọ́n bí Efúnyẹmí sí. Ìyá arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọwọ́ ọ̀hún lé ara ènìyàn, ara a máa dákẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá náà fẹ́ sọ. Àwẹ̀ró rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Àṣà ìdílé wọn ni pé bí a bá gbé aláìsàn dé, wọn a ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀, wọn a sì máa tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀. Ewé tí wọ́n bá fi di tibí ni wọn yóò fi di tọ̀hún. Ọjọ́ tí adìẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, aláìsàn náà ń dìde nìyẹn. Wọ́n mú àgbébọ̀ pupa kan, wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ojú Àwẹ̀ró rí nǹkan lágbàlá Efúnyẹmí. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ aláwàdà ti di oníkanra. Bí ó bá bu omi fún un, omi tutù jù. Bí ó bá gbé e kaná díẹ̀, ó ní ó fẹ́ bó òun láàyè. Bí ó dùbúlẹ̀, kò rọrùn, bí ó jókòó, kò rọrùn. Àwẹ̀ró ń fara dà á, ṣùgbọ́n ó dùn ún dọ́kàn.

Nígbà tó yá, àgbébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bámgbóṣé, ẹ̀gbọ́n Láníyọnu, gbọ́, ó sáré dé tayọ̀tayọ̀ láti wá wo àbúrò rẹ̀ lórí ìdúró. Wọ́n gbé Láníyọnu nílẹ̀, wọ́n ní kó gbésẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Wíwú kókósẹ̀ ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún ń rù, Láníyọnu kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Bámgbóṣé ṣí fìlà orí rẹ̀. "Ìyá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Adìẹ ti rìn, àbúrò mi kò rìn. Ẹ jẹ́ ká máa gbé e lọ sílé. A óò wá ẹni tí yóò gba ọ̀pẹ rẹ̀."

Àyà Àwẹ̀ró já. Bí ọ̀pẹ bá lọ lọ́wọ́ Láníyọnu, kí ni yóò kù tí yóò máa jẹ́ Láníyọnu? Ó wo ojú Efúnyẹmí. Ìyá náà kò bínú, kò sì ṣe àwáwí.

Ibi tí wọ́n dúró sí yìí ni àgbébọ̀, tí ẹsẹ̀ tuntun ń gùn bí ẹṣin, ti fò sókè, ó bà lé okùn tí wọ́n sá aṣọ tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ sí. Okùn ń mì síwá, ó ń mì sẹ́yìn, aṣọ kan sì já bọ́ lórí rẹ̀. Adìẹ na ìyẹ́, ó ń tẹ̀ síbí, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, kò lè dúró, kò sì mọ bí yóò ti sọ̀. Bámgbóṣé, tí inú ń bí tẹ́lẹ̀, fa igi yọ.

"Má nà án," Efúnyẹmí wí. "Yóò já okùn lọ. Àwẹ̀ró, níbo ni adìẹ bà sí?"

"Àárín okùn ni, Ìyá."

"Níbo ni aṣọ ti já bọ́?"

"Ìdí òpó lọ́hùn-ún ni. Adìẹ kò tilẹ̀ débẹ̀."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sọ̀ fún mi. Rọra." Àwẹ̀ró rọra gbé adìẹ sọ̀, okùn sì dúró jẹ́ẹ́ láti òpó dé òpó.

Efúnyẹmí yíjú sí Láníyọnu. "Kí lo fi sọlẹ̀ lọ́jọ́ tí igbà já?"

"Ìdí ni, Ìyá."

"Èmi sì ń wo ẹsẹ̀ láti ọjọ́ yìí, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó já bọ́, tí kò wo adìẹ."

Ó yí i dojú bolẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọrùn wá. Nígbà tó dé ìbàdí, Láníyọnu mí hẹlẹ. "Ìyá, ó ta mí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀." Láti ìgbà tó ti ṣubú, kò tíì gbúròó ìka náà.

"Iṣan kan ń gba ibẹ̀ kọjá," ni ìyá náà wí. "Òun ní í jíṣẹ́ orí fún ẹsẹ̀, òun ní í gbé èsì ẹsẹ̀ padà fún orí. Eegun yìí ti yẹ̀, ó lọ jókòó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ kò kọ iṣẹ́, wọn kò jíṣẹ́ fún un ni."

Bámgbóṣé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí òun bá wọn tẹ̀ ẹ́. Efúnyẹmí rẹ́rìn-ín. "Agbára tí a fi ń ti ilẹ̀kùn pàápàá ti pọ̀ jù." Ó fi Láníyọnu dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ká orúnkún òkè, ó fi ọwọ́ kan di èjìká mú, ó fi ìkejì lé ìbàdí. Ó ní kó mí síta. Bí ó ti mí tán, ó ta ọwọ́ kín-ún báyìí, eegun dún kó.

Láníyọnu ní nǹkan lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan ń sọ̀ lọ sí itan òun. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mì. Àwẹ̀ró rí i, ó bú sẹ́kún.

Kò dìde sáré lọ́jọ́ náà o, kí n má parọ́. Èjìká Àwẹ̀ró ló gbára lé rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti padà sókè ọ̀pẹ, ó tún ń fi àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ sílé, Efúnyẹmí pe Àwẹ̀ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Má ṣe di ìkanra ọkọ rẹ sínú. Ibi tí eegun yẹn lọ jókòó sí kò dẹ̀ ẹ́ lára, iṣan tó jókòó lé kò sì gbádùn, bí adìẹ àti okùn ló rí. Ilé yín náà rí bẹ́ẹ̀ lásìkò àìsàn yìí: òun kò rọgbọ, ìwọ kò rọgbọ."

Bámgbóṣé tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló gbé e délé. Láti ìgbà náà, bí àna bá lọ jókòó pẹ́ nílé àna, tàbí tí a bá fi ẹni tí ìlú kò fẹ́ jẹ olórí, tí onílé ń ráhùn, tí àlejò náà ń ráhùn, àwọn àgbà a wojú ara wọn, wọn a ní: adìẹ́ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.