Fíláàsì Àgbo Òjélàbí

"Odò tó fà kì í bomi rin oko òkè." Ọ̀rọ̀ yìí ló jáde fún Lásúnkànmí, ahunṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, lọ́jọ́ tí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀ wú, tó fẹ́ bẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ òfì, òun ló fi ń bọ́ ilé. Ó bi Dókítà Ọmọ́níyì bóyá òun á tún lè rìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Dókítà kò tàn án. Ó ní ara iṣan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń yà. Bí kò bá débẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú. Ẹbọ tó yàn kò ní ewúrẹ́ nínú.

"A ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹ̀yìn yín, kí omi ibẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀, kó má baà há ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, a ó jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ga, kó lè ti ẹ̀jẹ̀ débẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má fẹnu kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fẹnu kan àgbo."

Lásúnkànmí gbà. Bàbá Dúródọlá, àgbẹ̀ tí àìsàn kan náà gbé wá sí bẹ́ẹ̀dì kejì, gbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn méjèèjì, wọ́n jí, wọ́n ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì wọn ni mo rí i.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí mi ò sí nítòsí, ni Òjélàbí, ẹ̀gbọ́n Lásúnkànmí, gbé fíláàsì àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru dé. Ó wo ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá, ó pòṣé.

"Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń ní kí ìfúnpá rẹ lọ sílẹ̀. Ìgbà wo ló wá di pé kó ga? Gbà, mu."

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní kí n má mu ún."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà, èmi lo fẹ́ já ní koro?"

Ta ló ń kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ yìí? Ó mu ún. Òjélàbí tún bu tiẹ̀ fún Bàbá Dúródọlá. Baba yẹn dúpẹ́, kò gbà á, ó kọjú sí ògiri.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìfúnpá Lásúnkànmí já wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì mọ́. Mo bi Òjélàbí ohun tí àbúrò rẹ̀ mu. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́: "Kò mu nǹkan kan." Irọ́ yẹn, tí àbúrò rẹ̀ kò jẹ́ tú, ń bí mi nínú dòní. Ibi tí a ti ń wá ohun tó fà á kiri ni ẹsẹ̀ náà ti ń kú lọ. Nígbà tí mo rí fíláàsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà sì gbé ìfúnpá náà sókè, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bàbá Dúródọlá gbọ́ ẹbọ, ó rú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko rẹ̀. Òjélàbí kẹ́gàn ẹbọ, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló sì fi san án. Ẹ dé Ìsẹ́yìn láàárọ̀, ẹ ó rí i lọ́nà ibi ìhunṣọ, arúgbó tó ń làágùn, àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún ń pọ̀n ọ́n.